Òrí: Òróró Àtayébáyé Ilẹ̀ Òkè-Ògùn

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Bí ènìyàn bá fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, tí ó sì wo gbogbo òróró tí ọmọ aráyé fi ń ra ara, tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn, tí wọ́n sì fi ń ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́, láti orí òróró òdòdó jasmine tí wọ́n ń fún ní ilẹ̀ Faransé, ní Íjíbítì àti ní Íńdíà, títí dé orí òróró ólífì tí a ń ka ìròyìn rẹ̀ nínú Ìwé Mímọ́, yóò rí i pé kò sí ẹ̀yà kan tí Elédùmarè kò fi tirẹ̀ jíǹkí, àti pé èyí tí ó fi jíǹkí àwa ará Òkè-Ògùn kò kẹ́yìn nínú wọn. Òrí ni mo ń wí: òrí atunilára, ọ̀rá tí í rọ egungun arúgbó, tí í tú imú ọmọ ọwọ́, tí í dán ara ìyàwó tuntun, tí í bá ọyẹ́ wọ̀jà títí ètè ẹni kò fi ní là. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ti bí òrí ṣe di ohun ìní ilẹ̀ yìí, ti àwọn ọwọ́ tí ó ti ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àti ti ìdí rẹ̀ tí igi tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ gbìn fi wà láàyè di òní olónìí. Nítorí ó dá mi lójú pé ìfẹ́ tí àwọn ìyá wa ní sí òróró rẹ̀ ni ó ń gbà á lọ́wọ́ àáké, àti pé ọjọ́ tí ìfẹ́ náà bá tán, igi náà yóò tán pẹ̀lú.

Apá àríwá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Òkè-Ògùn wà, ìjọba ìbílẹ̀ 10 ni ó sì pín sí, láti Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹdí ní gúúsù títí dé Kìṣí ní ẹ̀bá ààlà Kwara, àti láti Ṣakí tí ó kọjú sí ààlà ilẹ̀ Benin títí dé Ìgbẹ́tì láàárín àwọn òkè àpáta. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, kì í ṣe ilẹ̀ igbó kìjikìji tí kòkó àti obì fẹ́ràn. Koríko rẹ̀ ga, igi rẹ̀ fọ́n káàkiri, òjò rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó sì ń dá ní oṣù kẹwàá, lẹ́yìn èyí ni ọyẹ́ yóò dé tí iná yóò sì máa jó koríko gbígbẹ kiri. Lórí irú ilẹ̀ báyìí ni igi èmì, ìyá òrí, ti ń gbé. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Vitellaria paradoxa. Ìdílé kan náà ni òun àti igi agbálùmọ̀ ti wá, ẹni tí ó bá sì ṣá èèpo àwọn méjèèjì yóò rí oje funfun tí ń ṣàn lára wọn. Kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí èmì ti ń dá hù ju ọ̀dàn ilẹ̀ Áfíríkà lọ, láti Senegal ní ìwọ̀-oòrùn títí dé Uganda àti Ethiopia ní ìlà-oòrùn. Bí ènìyàn bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ wọ igbó Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, kò ní rí i mọ́.

Igi onísùúrù ni èmì í ṣe. Bí kóró rẹ̀ bá hù, kì í kánjú yọrí síta. Ọ̀mùnú rẹ̀ a kọ́kọ́ forí lé ìsàlẹ̀ ilẹ̀, lẹ́yìn ìgbà náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ padà yọ sókè, tí iná ìgbẹ́ kò fi ní rí i run pátápátá. Bí ó bá dàgbà tán, èèpo rẹ̀ a nípọn, a sì yi, tí iná ọdọọdún yóò fi máa jó o lásán. Ó lè tó ọdún 15 tàbí 20 kí ó tó so èso àkọ́so, ó lè di ọdún 40 tàbí 50 kí ó tó so dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó sì lè wà láàyè ju 200 ọdún lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń tanná, àwọn òdòdó rẹ̀ a ṣù jọ sí orí ẹ̀ka, òórùn wọn a máa ta sánsán, àwọn oyin a sì máa kùn yí wọn ká láti àárọ̀ dé alẹ́. Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹjọ ni èso rẹ̀ ń pọ́n tí ó sì ń bọ́. Bí ó bá so púpọ̀ lọ́dún yìí, ó lè má so tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, bí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ tí ó sì gbọ́dọ̀ sinmi.

Ìwà igi yìí ni ó bí àṣà tí ó yí i ká. Nígbà tí àgbẹ̀ Òkè-Ògùn bá ń ṣán oko titun, a máa bẹ́ igi yòókù lulẹ̀, a máa dáná sun kùkùté wọn, ṣùgbọ́n a máa fi èmì sílẹ̀, òun àti igi igbá tí a fi èso rẹ̀ ṣe irú, nítorí ó mọ̀ pé ọjọ́ orí òun kò lè tó láti gbin òmíràn kí òun sì jẹ ẹ́ dalẹ́. Lábẹ́ wọn ni yóò kọ ebè sí, ibẹ̀ ni yóò gbin àgbàdo, ọkà bàbà, iṣu àti ẹ̀gúsí sí. Bí ilẹ̀ náà bá sì ṣá, tí ó fi í sílẹ̀ di ìgbòrò, àwọn igi náà kò ní kúrò níbẹ̀, títí ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò fi padà wá ro ó. Nípa báyìí, ohun tí àlejò ń wò láti ojú ọ̀nà tí ó ń pè ní igbó lásán, oko àtijọ́ ni, àwọn igi tí ó sì dúró nínú rẹ̀, igi tí àwọn baba ńlá wa yàn ni. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, ọkùnrin ni ó ni oko, ṣùgbọ́n èso èmì tí ó bá bọ́ sílẹ̀, ti àwọn obìnrin ilé ni. Ọ̀nà yìí ni obìnrin fi ń ní owó tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, tí ó fi ń ra aṣọ, tí ó fi ń dá èsúsú, tí ó fi ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Igi tí ó bá ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ, kò sí ọlọ́gbọ́n ọkùnrin tí yóò gbé àáké sí i.

Òróró yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1352, nígbà tí Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Mòrókò, dé ilẹ̀ ọba Málì, ó kọ ìròyìn èso kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń fún òróró rẹ̀, tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, tí wọ́n fi ń tan fìtílà, tí wọ́n fi ń pa ara, tí wọ́n sì ń pò mọ́ erùpẹ̀ láti fi rẹ́ ilé; ohun tí ó kọ yìí bá èmì mu délẹ̀délẹ̀. Ní ọdún 1796, Mungo Park, ọmọ ilẹ̀ Scotland, bá àwọn ènìyàn tí ń ṣe é pàdé ní ìhà Segu lẹ́bàá odò Ọya. Ó tọ́ ọ wò, ó sì jẹ́rìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1799 pé ó funfun, ó le, ó sì dùn lẹ́nu òun ju bọ́tà tí a fi wàrà màlúù ṣe lọ, àti pé ó lè wà fún odidi ọdún kan láìfi iyọ̀ sí i. Nítorí ẹ̀rí yìí ni àwọn onímọ̀ ewéko fi so orúkọ Park mọ́ igi náà fún ìgbà pípẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni òyìnbó dé ọ̀dàn tiwa pàápàá: Hugh Clapperton àti Richard Lander wọ Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Gàm̀bàrí ń pè ní Katunga, ní oṣù kìíní ọdún 1826, nígbà tí ó sì di 1830, Richard àti John, àbúrò rẹ̀, tún gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Kìṣí, kí wọ́n tó wọ ilẹ̀ Bàrùbá. Nínú ìròyìn ìrìn-àjò wọn, igi tí ń so bọ́tà kò ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀nà.

Kò sì yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, nítorí ní àárín èmì ni ìjọba Ọ̀yọ́ ti dàgbà. Nígbà tí àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Ìgbòho ni olú ìlú tẹ̀dó sí nígbẹ̀yìn. Aláàfin mẹ́rin ni ó jọba níbẹ̀, Abípa tí ó ṣe ìkẹrin wọn ni ó sì kó ìjọba padà sílé. Gbogbo ìlú wọ̀nyí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni wọ́n wà, òróró tí ó sì sún mọ́ ọwọ́ wọn jù lọ ni òrí. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí igbó, sí Àgọ́-Ọjà tí ó di Ọ̀yọ́ òní, sí Ìjàyè àti sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n Ṣakí kò tú, Ìgbòho àti Kìṣí kò parẹ́, Ìsẹ́yìn sì ń wọ̀nà fún àwọn tí ń sá bọ̀. Àwọn tí ó lọ fi èmì sẹ́yìn, wọn kò fi àìní òrí sẹ́yìn: abiyamọ wọn ṣì ń fẹ́ ẹ, oníṣègùn wọn ṣì ń fẹ́ ẹ, àwọn tí ń bọ òrìṣà ṣì ń fẹ́ ẹ. Bí ohun tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé gbogbo ènìyàn ṣe di ọjà nìyẹn, tí àwọn tí ó dúró ní Òkè-Ògùn sì di ẹni tí gúúsù ń wò lójú fún un.

Ọjà ọrọọrún ni ojú ìṣòwò náà. Láti ìletò ni àwọn obìnrin ti ń ru igbá òrí wá, tí wọ́n fi ewé bò lórí, òru ni wọ́n sì sábà máa ń rìn, nítorí òrí kì í bá oòrùn ṣe ọ̀rẹ́. Ní Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òkè, níbi tí a ti ń hun sányán, àlàárì àti ẹtù, oníṣòwò tí ó ta òrí tán lè fi owó rẹ̀ ra aṣọ, ẹni tí ó wá ra aṣọ láti ọ̀nà jíjìn a sì fi òrí kún ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ìjọba òyìnbó la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Kò ya Òkè-Ògùn rárá. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé orí àwọn alárù, lẹ́yìn náà inú ọkọ̀ akẹ́rù, ni òrí wa gbà dé ìlú ńlá, láìsí ilé ìtajà òyìnbó tí yóò gba ti èmì kanrí bí wọ́n ti gba ti kòkó. Ìyà ni èyí jẹ́ fún ìlú lápá kan. Lápá kejì, ó fi òwò náà sílẹ̀ sí ọwọ́ àwọn obìnrin.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí kò rí bí a ti ń ṣe òrí kò lè mọ iye tí ó tọ́ sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn obìnrin ti ń lọ ṣa èmì, kí ẹran àti àdán má baà ṣáájú wọn. Koríko a ti ga, ìrì a máa sẹ̀, ejò a sì máa lúgọ sí abẹ́ igi, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń yẹ koríko wò kí wọ́n tó na ọwọ́. Ara èso náà dùn, àwọn ọmọdé a máa jẹ ẹ́ yó ní àkókò tí oúnjẹ titun kò tíì jáde lóko; kóró inú rẹ̀ ni òróró wà. Bí wọ́n bá ti bó o tán, wọn a bọ̀ ọ́ nínú ìkòkò ńlá, kí ó má baà hù, kí ó má sì baà bàjẹ́. Wọn a sá a sí oòrùn fún ọjọ́ púpọ̀, títí ọmọ inú rẹ̀ yóò fi súnkì, tí yóò máa dún nínú èèpo bí a bá gbọ̀n ọ́n. Nígbà náà ni a ó pa á, tí a ó sì ṣà á lẹ́sẹẹsẹ, nítorí kóró kan tí ó bu lè sọ òórùn odidi ìkòkò òrí di kíkan.

Lẹ́yìn èyí ni a ó yan án lórí iná, kì í ṣe àyanjóná, nítorí òrí tí ó jóná nínú kóró kò ní ara funfun mọ́. A ó gún un nínú odó, a ó sì lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi di ohun rírọ̀ tí ó pọ́n bí amọ̀. Ní ayé òde òní, ẹ̀rọ ìlọta ti gba apá ibí yìí lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní ìlú púpọ̀, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n pípò ni iṣẹ́ wà. A ó da ohun tí a lọ̀ sínú ọpọ́n ńlá, a ó máa bu omi sí i ní ìwọ̀n, a ó máa fi ọwọ́ lù ú, a ó máa rò ó yípo, láìsinmi, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi máa ṣí, tí yóò kúrò ní pupa, tí yóò di eérú, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Bí omi bá gbóná jù, ọ̀rá kò ní ya. Bí ó bá tutù jù, yóò dì kí àkókò rẹ̀ tó tó. Kò sí ìwé tí a ti kọ ọ́. Ọwọ́ ni ìyá fi mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ni ó sì fi kọ́ ọmọ. Nígbà tí ọ̀rá bá léfòó tán, a ó kó o, a ó fi omi tútù fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀, a ó gbé e ka iná kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, kí ìdọ̀tí sì rọ̀ sísàlẹ̀, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì máa rò ó bí ó ti ń tutù, kí ó lè dì ní ọ̀kan ṣoṣo, láìní kókó nínú.

Nǹkan bí ìdajì kóró èmì ni ó jẹ́ ọ̀rá, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán kò lè gba gbogbo rẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni igi ìdáná àti omi tí iṣẹ́ náà ń gbà kò kéré. Síbẹ̀, àwọn ìyá wa kò jẹ́ kí nǹkan kan ṣòfò. Èèpo kóró ni wọ́n fi ń dáná. Èérí tí ó bá ṣẹ́kù ni wọ́n fi ń pa ara ògiri kí òjò má baà fọ̀ ọ́ lulẹ̀. Ewé igi náà pàápàá ń bọ́ kànní, kòkòrò kan tí a ń bọ̀, tí a ń sá gbẹ, tí a sì ń tà lọ́jà fún ọbẹ̀, tí àwọn tí ó mọ adùn rẹ̀ kì í sì í fi ẹran pààrọ̀ rẹ̀ nígbà mìíràn. Igi kan ni, ṣùgbọ́n ilé ńlá ni ó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Bí a bá wá bèèrè pé kí ni a ń fi òrí ṣe, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí a kì í fi í ṣe. Ọjọ́ tí a bá bí ọmọ ni òrí ti ń bá a pàdé: òun ni a fi ń ra ara rẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, tí a fi ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, osùn tí a sì pò mọ́ ọn ni a fi ń kun ara ìyá rẹ̀. Bí imú ọmọ náà bá dí nígbà ọyẹ́, ìyá àgbà a yọ́ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, a fi kan imú rẹ̀, ọmọ a sì sùn. Òrí ni à ń fi pa ẹsẹ̀ tí ó là, ètè tí ó bó, awọ tí oòrùn jó. Òrí ni à ń fi sí irun kí a tó dì í. Òrí ni à ń fi wọ́ eegun tí ó rọ́ àti orúnkún tí ń dun arúgbó. Ọ̀pọ̀ àgúnmu àti ewé tí oníṣègùn bá lọ̀, òrí ni ó ń pò wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ara. Nígbà tí karosíìnì kò tíì dé, òrí ń tan fìtílà. Kí òróró ẹ̀pà tó pọ̀ lọ́jà, òrí ń dín àkàrà. Awọ tí ó bá sì gbẹ, òrí ni a fi ń rọ̀ ọ́.

Ní ìdí òrìṣà, àyè ńlá ni ó wà fún un. Ọbàtálá, alálà funfun, òrìṣà tí ń mọ ọmọ sínú ìyá, kì í jẹ epo pupa, kì í sì í jẹ iyọ̀. Òrí ni a fi ń se ìgbín rẹ̀. Nínú èrò àwọn baba wa, ohun tí ó tutù ni òrí, ohun tí í mú ìbínú rọlẹ̀, tí í sì í sọ ibi gbígbóná di ẹ̀rọ̀. Ènìyàn lè jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́ẹ́nì lónìí, bí ọ̀pọ̀ ará Ìsẹ́yìn àti Ṣakí ti jẹ́, kí ó má sì bọ òrìṣà kankan. Síbẹ̀ bí ara ọmọ rẹ̀ bá gbóná, ọwọ́ rẹ̀ yóò wá òrí kí ó tó wá ohun mìíràn. Èrò náà ti kúrò ní ojúbọ, ó sì ti wọ inú ilé.

Ìmọ̀ òde òní kò já àwọn ìyá wa nírọ́. Ní ọdún 1979, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Tella tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípa bí òrí ti ń la imú tí ó dí, ohun tí àwọn ìyá àgbà ti ń ṣe láti ìgbà tí a kò lè ka iye rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tún rí i pé yàtọ̀ sí àwọn ásíìdì stearic àti oleic tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, apá kan wà nínú òrí tí kì í di ọṣẹ, tí ó sì pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ òróró yòókù lọ; apá yìí ni ó ń tọ́jú awọ ara, tí ó sì ń gba díẹ̀ lára ìtànṣán oòrùn tí ń jó ni. N kò sọ pé òrí ń wo gbogbo àìsàn. Ẹni tí ó ṣàìsàn púpọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí mo sọ ni pé ọgbọ́n tí a fi ọwọ́ kó jọ láti ìran dé ìran kì í ṣe asán.

Ẹ wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe sí tiwọn. Ní ìlú Grasse, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, iṣẹ́ awọ ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òórùn òdòdó sí ìbọ̀wọ́ awọ, títí tí ìlú náà fi di ìyá àwọn onílọ́fínńdà. Jasmine, òdòdó funfun wẹ́wẹ́, jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ó gbé orúkọ wọn ga. Kùtùkùtù ni wọ́n ń já a, ó sì ń gba nǹkan bí 700 kìlógíráàmù òdòdó kí kìlógíráàmù kan ojúlówó òróró rẹ̀ tó jáde. Láyé àtijọ́, ọ̀rá ẹran ni wọ́n ń tẹ́ sórí dígí, tí wọ́n ń to òdòdó lé lórí, kí ọ̀rá náà lè fa òórùn wọn mu. Títí di òní ni a kì í fi irú òróró òdòdó bẹ́ẹ̀ ra ara lásán, àfi kí a lú u mọ́ ọ̀rá tàbí òróró mìíràn tí ó rọ ara lọ́rùn, òrí tiwa sì wà nínú àwọn tí wọ́n ń fi ṣe é. Ní ọdún 2018, UNESCO fi ìmọ̀ lọ́fínńdà agbègbè Grasse sínú àkójọ àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Mo yọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin Ṣakí tí ó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó mọ ìwọ̀n omi tí ọ̀rá ń fẹ́ láìsí ohun èlò kankan, ìmọ̀ tirẹ̀ kò kéré sí ti wọn. Adìẹ funfun ni kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Àìmọ ara ẹni lágbà yìí ni ó fẹ́ ṣe wá ní jàm̀bá. Nígbà tí fásílìnì àti ìpara inú ike wọlé dé, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òrí ń rùn, pé ti àwọn ará oko ni. Ní àkókò kan náà, ilẹ̀ òkèèrè ń wá a lójú méjèèjì. Wọ́n ń fi í ṣe ìpara olówó ńlá; wọ́n sì ń fi í sínú ṣokoléètì, nítorí òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2000 gbà kí ọ̀rá bí irú òrí wọ inú ṣokoléètì títí dé ìdá 5 nínú 100. Kóró ni wọ́n ń rà lọ, tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀ lọ́hùn-ún, tí àwọn ọmọ wa sì tún ń fi owó gọbọi rà á padà nínú ìgò kékeré tí ó ta sánsán. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de gbígbé kóró èmì tútù jáde kúrò ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ṣàlàyé pé nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 èmì gbogbo àgbáyé ni ó ń ti ilẹ̀ wa jáde, ṣùgbọ́n ìdá kan péré nínú 100 owó òwò náà ni ó ń kàn wá. Ẹni tí ó ń ṣa èmì nínú ìrì kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò èyí fún un; ó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí ó ti ń ka owó rẹ̀.

Ewu tí ó tún ju èyí lọ ni ti èédú. Èmì jẹ́ igi líle, èédú rẹ̀ a máa pẹ́ nínú iná, àwọn tí ń sun èédú fún ìlú ńlá sì ti mọ ọ̀nà Òkè-Ògùn dáadáa. Katakata náà kò ran ọ̀ràn lọ́wọ́, nítorí ọkọ́ lè yí igi po, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fẹ́ ilẹ̀ gbalasa; èyí tí ó sì ń hù bọ̀ kò ní ẹni tí yóò yọ ọ́ sílẹ̀ nínú poro. Láti ọdún 1998 ni àjọ àgbáyé tí ń tọ́jú ohun alààyè ti ka èmì mọ́ àwọn igi tí ewu ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí. Ìjọba ní igbó ọba tirẹ̀: ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, tí a sọ di ti orílẹ̀-èdè ní 1991, ní èmì nínú. Ṣùgbọ́n ibi tí èmì pọ̀ sí jù ni oko àti ìgbòrò wa, níbi tí aṣọ́gbó kò dé, níbi tí àṣà nìkan ti jẹ́ aṣọ́gbó láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Ẹni tí ó gé èmì ọlọ́gọ́rùn-ún ọdún lulẹ̀ ní òwúrọ̀ lè ta èédú rẹ̀ tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹni tí yóò gbin òmíràn rọ́pò rẹ̀ yóò dúró de 20 ọdún kí ó tó rí èso kan. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ọba wa, sí Ọ̀kẹ̀rẹ̀ ti Ṣakí àti Asẹ́yìn ti Ìsẹ́yìn, sí àwọn baálẹ̀ àti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ni pé kí wọ́n tún òfin àtijọ́ náà pa: kí igi èmì má ṣe di igi èédú, kí àgbẹ̀ tí ó bá ń ro oko sì máa fi èyí tí ń hù sílẹ̀ bí baba rẹ̀ ti ṣe. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Bí obìnrin tí ń ṣe òrí bá rí ẹ̀rọ ìlọta, omi tí ó sún mọ́ ọn, àti owó tí ó tó fún òróró tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde dípò kóró tútù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dúró níwájú àáké, nítorí kò sí ẹni tí í jẹ́ kí a gé ohun tí ń bọ́ ọ. Àwọn tí ó fi igi wọ̀nyí sílẹ̀ nínú oko wọn kò dúró jẹ èso gbogbo wọn. Àwa ni a ń jẹ ẹ́. Gbèsè ni wọ́n fi sí wa lọ́rùn, àwọn ọmọ wa ni a ó sì san án fún.